Ẹ̀jẹ̀ ríru àti òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń wú: ohun tí wọ́n ń bi mí l'Abẹ́òkúta, àti ìdáhùn mi

Nọ́ọ̀sì ni mí, Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣe é. Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì máa ń gbé tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ọjà Kútọ̀, a ó máa wọn ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó rẹ̀, fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì níbẹ̀. Agbo ilé tí kò ní ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò tíì gbọ́ ni ohun tó ń ṣe fún òpó ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ nínú ara. Bàbá mi náà ò gbọ́ ọ kó tó kú. Àwọn ìbéèrè náà nìyí, bí wọ́n ṣe ń bi mí gẹ́lẹ́.

Nọ́ọ̀sì, kí ni aorta tí ẹ máa ń dárúkọ yìí?

Òun ni òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá náà. Inú ọkàn ló ti yọ. Ó kọ́kọ́ gòkè díẹ̀ sí ìhà ọrùn, ó tẹ̀ kọdọrọ bí orí ọ̀pá agboòrùn, ó wá gba iwájú egungun ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ láti àyà títí dé ikùn. Ní nǹkan bí ọ̀gangan ìdodo ló ti pín sí méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan bíi lítà 5 ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan. Nínú ikùn àgbàlagbà, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Ìpele mẹ́ta ni ara rẹ̀ ní, èyí tó wà láàárín ló ní àwọn fọ́nrán tó ń fà tó sì ń sún kì bíi rọ́bà.

Kí ló wá ń jẹ́ aneurysm?

Ẹ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà ní Láfẹ́ńwá, ẹ ó rí táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wú síta bí ẹyin. Inú rọ́bà ibẹ̀ ti rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń tì í. Fọkanáísà tó bá mọṣẹ́ ò ní fún un ní afẹ́fẹ́ kún un, á ní kí ẹ má fi wọ ọ̀nà Èkó. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí aorta náà nìyẹn: ibì kan lára rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń tì í, ó ń wú. Nínú ikùn, bó bá ti fẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 3 ni dókítà á pè é ní aneurysm. Ó lè wà ní àyà pẹ̀lú.

Ìkejì rẹ̀ wà tí kò dúró dìgbà tó bá wú. Ìpele inú á kàn ya, ẹ̀jẹ̀ á gba ojú ibẹ̀ wọ àárín àwọn ìpele, á máa là wọ́n kúrò lára wọn bí ìgbà téèyàn ń bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Dissection ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, yíya ni mo máa pè é. Àwọn méjèèjì lè jẹ́ kí òpó náà bẹ́.

Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe wọ ọ̀rọ̀ yìí?

Ọkàn ń lù tó ìgbà 100,000 lójúmọ́ kan. Ìgbàkígbà tó bá lù, ẹ̀jẹ̀ á rọ́ wọ aorta, aorta á fẹ̀ díẹ̀, á tún sún kì. Bí ìfúnpá bá wà ní 120/80, iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún ló ń ṣe. Bó bá jẹ́ 170/100 láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún ọdún mẹ́wàá, àwọn fọ́nrán tó ń fà yẹn á máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ara àgbàlagbà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe tuntun rọ́pò wọn. Ohun líle tí kì í fà ló ń gba àyè wọn.

Èkejì ya èmi gan-an lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ara òpó yìí nípọn débi pé òun fúnra rẹ̀ nílò àwọn òpó tín-ín-tìn-ín tó ń gbé oúnjẹ wá fún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú kí àwọn tín-ín-tìn-ín yẹn le, kí inú wọn sì fún. Ebi á wá máa pa òpó tó ń gbé oúnjẹ fún gbogbo ara.

Bí òpó bá sì ti fẹ̀, ìfúnpá tó ń gbé tẹ́lẹ̀ gan-an á wúwo fún un ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí bí nǹkan oníhò bá ṣe fẹ̀ tó ni ara rẹ̀ ṣe ń nà tó. Ìdí nìyẹn tí èyí tó ti tóbi fi ń yára wú ju èyí tó kéré lọ.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí: fún èyí tó ń wú nínú ikùn, sìgá ni olórí ọ̀daràn, ẹ̀jẹ̀ ríru ń tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n fún yíya, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo wọn. Nínú ẹni mẹ́rin tí aorta wọn ya, nǹkan bíi mẹ́ta ló ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà tún ti rí i pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ní in níbẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí sí àwọn aláwọ̀ funfun, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wọ́pọ̀ lára wọn jù. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwọn arúgbó nìkan.

Ṣé gbogbo ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló máa ní in ni?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ jù lọ ò ní ní in. Rọpárọsẹ̀, àìsàn kíndìnrín àti ọkàn tó rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru fi ń bá wa jà jù. Ṣùgbọ́n èyí tí mò ń sọ yìí kì í fún èèyàn láyè, ohun tó sì ń dènà rẹ̀ ló ń dènà àwọn yòókù.

Orí kì í fọ́ mi, òòyì kì í kọ́ mi. Ṣé mo tún nílò kí wọ́n wọn ìfúnpá mi?

Ẹ nílò rẹ̀, ìyá mi. Ìfúnpá lè wà ní 180 kí ẹni tó ni ín máa jó níbi ìnáwó. Aneurysm náà kì í sábà fọhùn títí yóò fi tóbi. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ṣèèṣì rí nígbà tí wọ́n ń wá nǹkan mìíràn, òkúta kíndìnrín tàbí àìsàn porósítéètì.

Àwọn kan máa ń mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan ń lù kì-kì-kì nínú ikùn nígbà tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, tàbí kí ẹ̀yìn máa ro wọ́n láìdáwọ́ dúró. Tó bá wà ní àyà, ohùn lè há, ikọ́ lè má lọ, oúnjẹ lè máa há lọ́nà ọ̀fun. Gbogbo ìwọ̀nyí ní àìsàn mìíràn tó ń fà wọ́n, ẹ má torí wọn sunkún. Ẹ lọ fi han dókítà ni.

Irú ìrora wo ló yẹ kó gbé wa dìde lójú ẹsẹ̀?

Ìrora òjijì tó le láti ìbẹ̀rẹ̀, tó dà bí ẹni ń fa aṣọ ya, ní àyà, láàárín èjìká méjèèjì, tàbí nínú ikùn tó sì gba ẹ̀yìn jáde. Pàápàá bí òógùn tútù bá bo onítọ̀hún, tí òòyì kọ́ ọ tàbí tó dákú, tí ẹsẹ̀ kan ṣàdédé kú tipiri, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọsibítù ńlá ni, ní wákàtí yẹn. Ẹ wá mọ́tò, ẹ tẹ́ ẹ sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà. Ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má fi róòbù wọ́ ọ lẹ́yìn, ẹ má fún un ní oògùn ara ríro. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti pé òjijì ni. Ẹ ní kí wọ́n wọn apá méjèèjì, torí pé nígbà tí aorta bá ya, ìfúnpá apá ọ̀tún lè jìnnà sí ti òsì.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé jẹdíjẹdí, ọgbẹ́ inú àti làkúègbé ni a sábà máa ń pè é nílé. Bí ó bá bẹ́, ọ̀pọ̀ kì í dé ọsibítù láàyè.

Bàbá wa jẹun tán, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Ṣé ẹ lè sọ fún mi pé kì í ṣe ọwọ́ ayé?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá tèmi fún yín. Ìtòkú ló ti ń ta àdìrẹ. Ẹni ọdún 58 ni, ó sanra díẹ̀, ó lọ́yàyà. Ó ní káàdì ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́, àmọ́ ìgbà tí orí bá ń wọ̀ ọ́ nìkan ló ń rántí oògùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ń ká aṣọ fún oníbàárà, ó bá figbe ta, ó fi ọwọ́ di ẹ̀yìn mú. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ohun tó sọ ni pé, "Ó ń ya nínú mi." Wọ́n fi í jókòó, wọ́n fi róòbù ra á, ẹnì kan sáré gbé àgbo jẹdíjẹdí wá. Inú ire ni gbogbo wọn fi ṣe é. Wákàtí méjì ti kọjá kí wọ́n tó gbé e lọ, kò sì rí alẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n ti mọ ẹni tó pa á: ìyá tó pa àtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ jà lórí àyè lọ́dún tó ṣáájú. Ọdún mọ́kànlá ni ilé wa àti ilé ìyá yẹn ò fi kí ara wọn. Èmi ṣì wà ní iléèwé nọ́ọ̀sì nígbà náà. Nígbà tí a dé orí aorta, mo ka ohun tí àwọn aláìsàn máa ń sọ, mo rí ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá mi níbẹ̀. Mo pa ìwé náà dé, mo jáde síta.

Mi ò lè búra pé aorta tó ya ló pa á, torí a ò jẹ́ kí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò. Mi ò sì ní kí ẹ kọ ohun tí ẹ gbà gbọ́ sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé káàdì kan wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ tí nọ́ńbà inú rẹ̀ ń ga sí i láti ìpàdé dé ìpàdé, a ò sì bá a sọ̀rọ̀. Ìyá yẹn ṣì wà láyé. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ń mu sìgá, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Èwo ni kó kọ́kọ́ mójú tó?

Méjèèjì, lónìí. Èéfín sìgá ń jẹ ara òpó ẹ̀jẹ̀ láti inú, ìfúnpá sì ń ti ohun tí wọ́n ti jẹ. Kódà bí aneurysm bá ti wà, ẹni tó bá jáwọ́ nínú sìgá, tirẹ̀ kì í yára wú bíi ti ẹni tó ń mu ún lọ. Aṣáà náà ní nikotíìnì tó ń gbé ìfúnpá sókè.

Ṣé kí n má jẹ láfún mọ́ ni? Ọ̀fadà ńkọ́?

Ọmọ Ẹ̀gbá wo ni yóò ní kí ẹ má jẹ láfún? Láfún kọ́, ọbẹ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má ju gíráàmù 5 lọ lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, àti èyí tó ti wà nínú oúnjẹ láti ọjà. Ẹ ka ohun tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ ọ̀fadà kan: iyọ̀, máàgì mẹ́ta mẹ́rin, irú tí wọ́n ti fi iyọ̀ pa mọ́, pọ̀nmọ́, ẹja gbígbẹ oníyọ̀.

Èyí tó fara sin jù ni kánún. A ń fi se ewédú, a ń fi se ẹ̀wà, a ò sì kà á mọ́ iyọ̀. Sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi ìjábẹ̀ já ewédú yín dáadáa, yóò yọ̀ láìsí kánún. Ẹ dín máàgì kù, ẹ jẹ́ kí ata, àlùbọ́sà àti efinrin ṣiṣẹ́.

Ìfúnpá mi ti wálẹ̀. Ṣé mo lè fi oògùn sílẹ̀?

Oògùn ló mú un wálẹ̀. Bí ẹ bá fi sílẹ̀, á padà. Àwọn kan tiẹ̀ wà nínú oògùn wọ̀nyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá dá wọn dúró lójijì, ìfúnpá á fò sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìfòsókè òjijì sì ni òpó tó ti rẹ̀ kò fẹ́. Bí amlodipine bá ń mú ọrùn ẹsẹ̀ yín wú, tàbí lisinopril ń mú yín wúkọ́, ẹ sọ fún dókítà, yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ti owó náà, ẹ sọ ọ́. Ẹ má tijú. Ó dára kí dókítà kọ èyí tí apá yín ká ju kí ẹ ra olówó ńlá kí ẹ máa mu ún lọ́jọ́ kan, kí ẹ fo ọjọ́ mẹ́ta.

Diclofenac àti ibuprofen tí a ń rà fún ara ríro ń gbé ìfúnpá sókè bí a bá ń lò ó léraléra. Mi ò mọ àgbo tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó lè gba ipò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mo máa ń ra cipro ní kẹ́mísìtì fún taifọ́ọ̀dù. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí aneurysm. Ní December 2018, àjọ tó ń bójú tó oògùn l'Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ciprofloxacin àti àwọn ẹbí rẹ̀, bíi levofloxacin, lè dá kún bí aorta ṣe ń ya tàbí bẹ́, pé kí wọ́n má kọ ọ́ fún ẹni tó wà nínú ewu yẹn àyàfi bí kò bá sí òmíràn. Ewu náà kò wọ́pọ̀. Ẹ kàn má fúnra yín rà á. Kì í sì í ṣe gbogbo ibà ni taifọ́ọ̀dù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó wà?

Síkáànù ikùn, irú èyí tí wọ́n fi ń wo oyún. Kì í dunni, kì í pẹ́. Ti àyà ni kò ṣeé fi ìyẹn rí dáadáa. Wọ́n á lo síkáànù ọkàn tàbí CT, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara.

Ní ìlú ọba, wọ́n ń pe gbogbo ọkùnrin tó bá pé ẹni ọdún 65 wá ṣe é. A ò ní irú ètò bẹ́ẹ̀ níbí, nítorí náà ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè. Èrò tèmi ni pé kí bàbá tó ti pé 65, tó ti mu sìgá rí, béèrè fún un. Bákan náà ni ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ti ní in, àti ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti ga fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí oògùn tó gún régé. Ẹni tó ga fíofío, tí ìka rẹ̀ gùn, tí kò sì ríran dáadáa láti kékeré, kí dókítà wò ó fún àìsàn Marfan, èyí tó máa ń rìn nínú ìdílé. Ó ń sọ ara aorta di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ọ̀dọ́ ló sì ń bá jà. Àwọn obìnrin ò fi bẹ́ẹ̀ ní ti inú ikùn bí ọkùnrin, àmọ́ tiwọn lè bẹ́ nígbà tí kò tíì tóbi tó ti ọkùnrin.

Wọ́n rí i lára bàbá mi, wọ́n ní 4.2 ni. Ṣé iṣẹ́ abẹ ti dé nìyẹn?

Kò tíì dé. Bí kò bá dà á láàmú, ṣíṣọ́ ni wọn yóò máa ṣọ́ ọ. Wọ́n á máa fi síkáànù wò ó lóòrèkóòrè, àlàfo rẹ̀ á sì máa kúrú bó bá ṣe ń tóbi. Nínú ikùn, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5.5 fún ọkùnrin àti 5.0 fún obìnrin ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ, tàbí bó bá ń yára wú. Oògùn ìfúnpá kì í mú un súnkì padà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń bu ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà sì máa ń fẹ́ kí ìfúnpá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nísàlẹ̀ 130/80.

Kí ni wọ́n ń fi rọ́pò ibi tó wú?

Aṣọ ni. Àwọn ìyá aláàdìrẹ máa ń rò pé mò ń dá àpárá, ṣùgbọ́n aṣọ ni lóòótọ́.

Kí aṣọ tó dé, wọ́n gbìyànjú láti wé e. Ní 1948, dókítà Rudolf Nissen fi sẹ̀lófíìnì, irú láílọ́ọ̀nù tó ń dán yẹn, wé aneurysm tó wà nínú ikùn Albert Einstein. Einstein fi lo ọdún mẹ́fà lé díẹ̀ sí i. Ní April 1955 ó bẹ́, ó ní òun ò fẹ́ iṣẹ́ abẹ mọ́, ó sì kú. Ní àwọn ọdún 1950 kan náà, Michael DeBakey, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Houston l'Amẹ́ríkà, lọ wá láílọ́ọ̀nù rà ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ó ti tán, Dacron ni wọ́n tà fún un, irú pọ́lísítà kan. Ó gbé e délé, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ rán an bíi páìpù. Irú aṣọ yẹn ni wọ́n ṣì ń rán mọ́ aorta títí di òní. Ní ọjọ́ 31 December 2005, aorta DeBakey fúnra rẹ̀ ya. Ẹni ọdún 97 ni. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní February 2006, ó sì wà láyé títí di 2008.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gba òpó itan ti aṣọ náà wọlé, láìla ikùn. Dókítà Juan Parodi ló ṣe é fún aneurysm inú ikùn ní Buenos Aires, ní Argentina, ní 1990. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló bá mu.

Ṣé mo tún lè gun Òkè Olúmọ?

Bí ìfúnpá yín bá wà ní ìkáwọ́ tí ẹ ò sì ní aneurysm, ẹ máa gùn ún lọ, ó dára fún yín. Bí ẹ bá ní in, ẹ bi dókítà yín kí ẹ tó gùn ún. Rírìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kò burú. Ohun tó burú ni gbígbé àpò gààrí, títi mọ́tò tó kọ̀, àti fífi agbára yàgbẹ́. Nígbà téèyàn bá di èémí mú tó fi agbára sí nǹkan, ìfúnpá máa ń fò sókè gan-an fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá.

Ní ilé, mo bá 150. Ní ọsibítù, wọ́n ní 130. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ẹ ṣe wọ̀n ọ́n. Ẹ tọ̀, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ̀yìn lára àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀ láìdábùú. Kí apá wà lórí tábìlì ní ọ̀gangan ọkàn, kí aṣọ ẹ̀rọ náà kan awọ ara, kó sì tó apá yín. Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má mu kọfí tàbí sìgá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ má jẹ obì pẹ̀lú, torí káfíìnì wà nínú rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, láàárọ̀ àti lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. 140/90 ní ọsibítù léraléra, tàbí 135/85 nílé, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Níbo la lè lọ l'Abẹ́òkúta?

Fún wíwọ̀n, ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín ti tó. Fún dókítà àti síkáànù, FMC Ìdí-Àbà wà, Sacred Heart tó ti wà ní Lántòrò láti 1895 náà wà. Bí ó bá di ti iṣẹ́ abẹ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá, wọ́n lè fi ìwé darí yín sí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn bíi UCH ní Ìbàdàn. Ẹ mú káàdì àtijọ́ dání, àti páálí gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo. Kí ẹnì kan nínú ilé mọ ibi tí káàdì yẹn wà.